SBIR.gov, Grants.gov àti NIH RePORTER: èwo ló ń jẹ́ kí oníṣòwò kékeré rí owó ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà?

Ẹni tó bá tẹ "owó ìrànwọ́ ìjọba fún okòwò kékeré" sórí Google, àwọn tó fẹ́ gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ bá pàdé kó tó kan ìjọba fúnra rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kì í fún ènìyàn lówó ọ̀fẹ́ láti fi ṣí ṣọ́ọ̀bù tàbí láti fi ra ọjà. SBA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ okòwò kékeré, sọ bẹ́ẹ̀ gbangba. Owó tó wà, tó sì pọ̀, ni ti ìwádìí: ètò SBIR (Small Business Innovation Research), tí òfin ọdún 1982 dá sílẹ̀, àti STTR (Small Business Technology Transfer), àbúrò rẹ̀ tí iléeṣẹ́ ti ń bá yunifásítì ṣiṣẹ́ pọ̀, tó dé ní 1992. Àjọ tí owó ìwádìí tó ń gbé fún àwọn ará ìta bá ju $100 mílíọ̀nù lọ lọ́dún gbọ́dọ̀ ya ó kéré tán 3.2% sọ́tọ̀ fún SBIR. Èyí tí tirẹ̀ bá ju $1 bílíọ̀nù lọ á tún ya 0.45% fún STTR. Àjọ 11 ló wà nínú ti àkọ́kọ́, díẹ̀ nínú wọn ló wà nínú èkejì. Owó náà kì í ṣe ẹ̀yáwó, ìjọba kò sì ní béèrè ìpín nínú iléeṣẹ́ yín.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé owó náà kò sí lójú kan. Àjọ kọ̀ọ̀kan ló ní ìlànà tirẹ̀, àkókò tirẹ̀ àti ohun tí ọkàn rẹ̀ ń fẹ́. Ẹni tó bá gbé àbá tó dáa lọ sí àjọ tí kò yẹ, ọwọ́ òfo ló máa bá bọ̀. Nítorí náà, ìbéèrè kan ṣoṣo la fi díwọ̀n àwọn irinṣẹ́ tó wà nísàlẹ̀ yìí: ṣé ó lè sọ fún ẹni tó ní èrò kan lọ́wọ́ pé àjọ wo, ẹ̀ka wo, àti òṣìṣẹ́ wo ló yẹ kó lọ bá?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ọjọ́ kúrò nílẹ̀. Ètò méjèèjì kì í ṣe ti títí láé. Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ ló ń sọ àṣẹ wọn dọ̀tun lóòrèkóòrè. Àṣẹ tí wọ́n sọ dọ̀tun ní 2022 parí ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, àwọn àjọ sì dáwọ́ ìkéde tuntun dúró. Ohun àkọ́kọ́ tí ojú yín gbọ́dọ̀ wá lójú òpó àjọ yòówù ni ọjọ́ tí wọ́n kọ sára ìkéde. Ìkéde àtijọ́ kì í kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀pọ̀ fídíò ló sì ń tọ́ka sí gbèdéke tó ti kọjá tipẹ́. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀kùn bá tiẹ̀ wà ní títì, iṣẹ́ wà láti ṣe: wíwá àjọ tó yẹ àti fíforúkọ sílẹ̀ kò nílò ìkéde tó ṣí.

SBIR.gov

SBA ló ń bójú tó ojú òpó yìí fún gbogbo àjọ mọ́kọ̀ọ̀kànlá. Ibi tí gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ tẹ̀ níbẹ̀ ni ojú ìwé àwọn ìkéde tó wà ní ṣíṣí, ibẹ̀ gan-an ló sì wúlò kéré jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ìkéde a máa ṣí, a sì máa tì, èdè àjọ ni wọ́n sì fi ń kọ ọ́. Ó lè má jọ bí ẹ̀yin ṣe ń pe iṣẹ́ yín rárá. Ojú òpó náà fúnra rẹ̀ máa ń fi ìlínkì darí yín sí ìkéde gidi lọ́dọ̀ àjọ tó ni ín. Bí ọjọ́ tó wà níbí àti ọjọ́ tó wà lọ́hùn-ún bá yàtọ̀, ti àjọ ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ìṣúra ibẹ̀ wà níbi tí wọ́n kó àwọn tó ti gba owó jọ sí. Àkọsílẹ̀ nǹkan bí ogójì ọdún ló wà níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, kò sì gba pé kí ẹ forúkọ sílẹ̀. Ká ní èrò yín ni ẹ̀rọ kékeré kan tó ń tẹ́tí sí páìpù láti mọ ibi tó ń jò. Ẹ má tẹ orúkọ tí ẹ fún ọjà yín. Ẹ tẹ ohun tó ń ṣe, lédè Gẹ̀ẹ́sì àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ: "acoustic leak detection", lẹ́yìn náà "pipe inspection", lẹ́yìn náà "ultrasonic pipeline". Apoti ìwárí náà kò gbọ́n tó láti mọ̀ pé "sensor" ẹnì kan ni "probe" ẹlòmíì, nítorí náà ọ̀rọ̀ mẹ́rin márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló yẹ kí ẹ gbìyànjú. Ẹ fi ọdún dín in kù sí márùn-ún àìpẹ́ yìí, nítorí ohun tí àjọ kan ń fẹ́ ní 1998 kò kan ẹnikẹ́ni mọ́.

Èrò kan náà lè ní oníbàárà mẹ́ta nínú ìjọba. EPA, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká, ló ń ṣàníyàn nípa omi mímu. Ẹ̀ka ìrìnnà, DOT, ní ọ́fíìsì tó ń ṣọ́ páìpù epo àti gáàsì. Ọmọ ogun ojú omi ní ọkọ̀ tó kún fún páìpù. Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ omi ẹ̀rọ nìkan ni òun ń sọ, ọ̀dọ̀ EPA nìkan ló máa lọ, níbi tí owó Ìpele Kìíní, ìyẹn owó ìbẹ̀rẹ̀, kò ti pọ̀ tó ti ọ̀pọ̀ àjọ yòókù.

Tí ẹ bá ṣí àkọsílẹ̀ ẹyọ kan, ẹ máa rí orúkọ iléeṣẹ́, àjọ, iye owó, ọdún, ìpele, nọ́ńbà ìkéde, àkékúrú iṣẹ́ náà, àti àmì kan tó kéré tí ọ̀pọ̀ ń fojú fò: nọ́ńbà àkòrí tí iléeṣẹ́ náà dáhùn sí. Ẹ kọ nọ́ńbà yẹn sílẹ̀. Òun ló máa jẹ́ kí ẹ lè wá ìkéde àtijọ́ náà, kí ẹ ka bí àjọ ṣe to ìṣòro rẹ̀ sílẹ̀ lọ́rọ̀ ẹnu tirẹ̀. Àwọn àjọ kan sì máa ń gbé irú àkòrí bẹ́ẹ̀ padà wá lọ́dún tó ń bọ̀ pẹ̀lú àtúnṣe díẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìpele. Ìpele Kìíní jẹ́ ti oṣù mẹ́fà sí ọdún kan, láti fi hàn pé ohun náà ṣeé ṣe; Ìpele Kejì sábà máa ń gba ọdún méjì, láti ṣe ẹ̀rọ àkọ́ṣe; Ìpele Kẹta ni títà, kò sì sí owó SBIR nínú rẹ̀. Bí iléeṣẹ́ mẹ́rin bá gba Ìpele Kìíní lórí irú èrò yín, tí ẹyọ kan nínú wọn kò dé Ìpele Kejì, ohun kan ń bẹ níbẹ̀: yálà iṣẹ́ náà le ju bí wọ́n ṣe rò lọ, tàbí ọkàn àjọ náà ti kúrò lórí rẹ̀. Bí iléeṣẹ́ kan ṣoṣo bá ti gba ti ìkíní àti ti ìkejì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, àwọn olùyẹ̀wò á ti mọ̀ ọ́n dáadáa, àbá yín sì gbọ́dọ̀ sọ ní ojú ìwé àkọ́kọ́ ohun tí iléeṣẹ́ yẹn kò lè ṣe. Bí ẹ kò bá rí ẹnikẹ́ni, ẹ má tíì yọ̀. Ẹ pààrọ̀ ọ̀rọ̀ ìwárí ná.

Àléébù rẹ̀: owó tuntun kì í hàn níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kò sì sọ orúkọ òṣìṣẹ́ àjọ tó fọwọ́ sí i, bẹ́ẹ̀ òun gan-an lẹ nílò láti bá sọ̀rọ̀. Síbẹ̀, nínú gbogbo ohun tí a wò, ibẹ̀ la máa ní kí ẹnikẹ́ni ti bẹ̀rẹ̀.

NIH RePORTER

Fún ọ̀rọ̀ ìlera, òun ló borí. Ẹ̀ka àti ibùdó 27 ló wà lábẹ́ NIH, àjọ ìwádìí ìlera ìjọba tó ni ojú òpó yìí, àìmọ èyí tó yẹ ló sì ń da ọ̀pọ̀ àbá rú. Irinṣẹ́ kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ Matchmaker: ẹ lẹ àkékúrú iṣẹ́ yín mọ́ ojú àpótí náà, ó gba àmì lẹ́tà tó tó 15,000, á sì kó àwọn iṣẹ́ tó jọ ọ́ jáde pẹ̀lú ẹ̀ka tó sanwó wọn. Táàbù kejì á fún yín ní orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí SBIR.gov kò ní nìyẹn.

Bó ṣe wà lásán, ó máa kó owó ìwádìí yunifásítì dà sí yín lọ́rùn, nítorí wọ́n pọ̀ ju ti iléeṣẹ́ lọ níbẹ̀. Ẹ lo asẹ́ (filter) tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èsì láti fi kìkì R43 àti R44 sílẹ̀, tó jẹ́ SBIR, pẹ̀lú R41 àti R42, tó jẹ́ STTR. Lẹ́yìn èyí ni ohun tó kù ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn yín.

Bí ẹ ṣe kọ àkékúrú náà ló máa pinnu ibi tó máa gbé yín lọ. Ẹ mú ẹ̀rọ kan tó ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ láìgún ènìyàn lábẹ́rẹ́ bí àpẹẹrẹ. Bí ẹ bá kọ ọ́ látojú aláìsàn, NIDDK, ẹ̀ka tó ń rí sí àtọ̀gbẹ, ló máa yọjú. Bí ẹ bá kọ ọ́ látojú ìmọ́lẹ̀ àti ẹ̀rọ tó ń kà á, NIBIB, ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ìlera, lè gòkè. Ẹ lẹ ẹ̀dà méjèèjì mọ́ ọn ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ sì fi èsì wé ara wọn. Ẹ yọ ọ̀rọ̀ ìpolówó kúrò. "Àkọ́kọ́ irú rẹ̀ lágbàáyé" kò bá iṣẹ́ kankan mu nínú àkójọ wọn, ó kàn ń da ìwárí rú ni.

Grants.gov

Ó tóbi, ó sì rẹni. Àbùkù rẹ̀ fún ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ ni pé owó ìrànwọ́ nìkan ló wà fún. DoD, ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí ológun, tó ń ná owó SBIR jù nínú gbogbo àjọ, àti NASA, kọ́ńtíráàtì ni wọ́n ń fún ènìyàn, lórí ojú òpó tiwọn. Ẹni tó bá wá gbogbo rẹ̀ lórí Grants.gov nìkan ti sọ ìdajì ọjà nù láìmọ̀. Ohun tó dáa níbẹ̀ ni àwọn ìkéde tí wọ́n pè ní "Forecasted", ìyẹn èyí tí àjọ ń gbèrò láti gbé jáde. Ẹ fi àmì sí "Small businesses" lábẹ́ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́, kí ẹ sì ní kí wọ́n máa fi ímeèlì ránṣẹ́. Ìwọ̀nba yẹn tó.

Bí àjọ ṣe yàtọ̀ síra

Ìyàtọ̀ tó ṣe pàtàkì jù ni ẹni tó ni ìṣòro. Ní DoD àti NASA, àjọ fúnra rẹ̀ ló fẹ́ lo ohun náà. Ó ti kọ ìṣòro rẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀yin ni ẹ ó dáhùn. Bí ọjà yín kò bá dáhùn sí àkòrí kan gẹ́lẹ́, ẹ má fipá bá a mu, àfi bó bá jẹ́ àkòrí gbangba (tí kò dárúkọ ìṣòro kan pàtó), èyí tí òfin 2022 ní kí ẹ̀ka ológun kọ̀ọ̀kan ní ó kéré tán ọ̀kan lọ́dún. NSF, àjọ ìwádìí sáyẹ́ǹsì, àti NIH ń wá ìmọ̀ tuntun tí aráyé máa rà, ẹ̀yin lẹ sì máa mú ìṣòro wá.

NSF ló rọrùn jù láti fi dán èrò wò, nítorí kò ní kí ẹ kọ àbá ńlá kí ẹ tó mọ ìdáhùn. Fọ́ọ̀mù tó ń jẹ́ Project Pitch ní abala mẹ́rin: ohun tuntun tó wà nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ náà, àfojúsùn àti ìpèníjà ìwádìí, ọjà tó ń dúró dè é, àti iléeṣẹ́ pẹ̀lú àwọn ènìyàn inú rẹ̀. Méjì àkọ́kọ́ gba lẹ́tà 3,500 níkọ̀ọ̀kan, méjì tó kẹ́yìn 1,750. Ìwọ̀n yẹn ti sọ fún yín ohun tí wọ́n kà sí: ìmọ̀ ẹ̀rọ ló ní ìdá méjì nínú mẹ́ta. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni láti kọ abala kejì bí ètò iṣẹ́: "a ó kọ́ áàpù, a ó fún àwọn ènìyàn lò." Ohun tí wọ́n ń béèrè ni ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ bóyá ó ṣeé ṣe, àti ìdánwò tó máa fi hàn. Áàpù tí onímọ̀ kọ̀ǹpútà èyíkéyìí lè kọ́ bí ẹ bá sanwó fún un kò ní ewu ìwádìí nínú. Kò sì ní gbà. Ẹni tí wọ́n bá pè lẹ́yìn fọ́ọ̀mù náà nìkan ló lè kọ àbá. Nínú ìkéde ọdún 2024, Ìpele Kìíní wọn dé $305,000. NSF kì í sanwó fún ìdánwò oògùn lára ènìyàn. NIH lẹ ó gbé ìyẹn lọ.

Gbèdéke NIH fún okòwò kékeré máa ń jẹ́ ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹsàn-án, oṣù Kìíní àti oṣù Kẹrin. Àfojúsùn gba ojú ìwé kan, ètò ìwádìí gba mẹ́fà ní Ìpele Kìíní. Bí wọ́n bá fún àbá ní máàkì, 10 ló dáa jù, 90 ló burú jù, ẹ má sì rò pé 80 ni ẹ fẹ́. Àbá tí kò bá wọlé ṣeé tún gbé padà pẹ̀lú ojú ìwé kan tó dáhùn àríwísí.

Ní DoD, ọjọ́ díẹ̀ wà láàárín ìgbà tí àkòrí jáde àti ìgbà tó ṣí fún gbígba àbá. Láàárín ìgbà yẹn nìkan lẹ lè bá ẹni tó kọ àkòrí náà sọ̀rọ̀ tààrà. Bó bá ti ṣí, ìbéèrè àti ìdáhùn á máa lọ ní gbangba lórí ojú òpó wọn. DOE, ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí agbára iná àti epo, ní tirẹ̀ ń béèrè lẹ́tà ìpinnu ṣáájú àbá. Ẹni tí kò fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ lásìkò, kò lè fi àbá sílẹ̀ mọ́.

Ohun tó ń lé ènìyàn padà lẹ́nu ọ̀nà

Iléeṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti èrè, kó wà ní Amẹ́ríkà, kí òṣìṣẹ́ rẹ̀ àti ti àwọn iléeṣẹ́ tó so mọ́ ọn má ju 500 lọ. Ìpín tó ju ìdajì lọ, ọwọ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà tàbí ẹni tó ní ìwé gbígbé títí láé níbẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wà. Ẹni tó wà lórí físà iṣẹ́ tàbí ti akẹ́kọ̀ọ́, tó sì nìkan di 60% mú, kò lè yege, bó ti wù kí èrò rẹ̀ dáa tó.

Ní SBIR, iléeṣẹ́ yín gbọ́dọ̀ jẹ́ ibi tí olórí ìwádìí ti ń ṣiṣẹ́ jù nígbà tí owó bá dé. Olùkọ́ yunifásítì tí kò fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, STTR ni tirẹ̀: iléeṣẹ́ ṣe ó kéré tán 40% iṣẹ́ náà, yunifásítì ṣe ó kéré tán 30%. Ẹ tún ṣọ́ra fún iṣẹ́ tí ẹ ń gbé síta. Ní Ìpele Kìíní SBIR, kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ, ní Ìpele Kejì, ìdajì. Ẹni tó ní èrò ṣùgbọ́n tí kò ní onímọ̀ nínú iléeṣẹ́ rẹ̀, tó fẹ́ gbé gbogbo rẹ̀ fún agbaṣẹ́ṣe, ibẹ̀ ló máa ń kọsẹ̀.

Ìforúkọsílẹ̀ ni ohun tí gbogbo ènìyàn ń fi sẹ́yìn. SAM.gov, ojú òpó tí àwọn tó fẹ́ gba owó ìjọba ti ń forúkọ sílẹ̀, ló ń fúnni ní UEI, nọ́ńbà ìdánimọ̀ iléeṣẹ́ alámì méjìlá tó rọ́pò èyí àtijọ́ tó ń jẹ́ DUNS ní oṣù Kẹrin ọdún 2022. Gbígba UEI nìkan kì í ṣe ìforúkọsílẹ̀ kíkún. Ẹ tẹ̀ ẹ́ dópin. Orúkọ àti àdírẹ́sì gbọ́dọ̀ bá ìwé ìdásílẹ̀ iléeṣẹ́ mu dórí àmì ìdánudúró, "LLC" nínú ìwé kan àti "L.L.C." nínú òmíràn tó láti dá ìyẹ̀wò dúró. Lẹ́yìn UEI ni ìforúkọsílẹ̀ iléeṣẹ́ lórí SBIR.gov, tó ń fún yín ní fáìlì PDF tí ẹ máa so mọ́ àbá, lẹ́yìn náà Grants.gov àti eRA Commons fún NIH, tàbí Research.gov fún NSF. Ẹ fún gbogbo rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ó kéré tán. SAM ń fẹ́ àtúnṣe lọ́dọọdún. Ọ̀fẹ́ ni, lẹ́tà tàbí ìpè tó bá ní kí ẹ san owó kan kí ìforúkọsílẹ̀ yín má baà kú, oníṣòwò ló ń pè yín.

Ímeèlì sí òṣìṣẹ́ àjọ

Ojú ìwé kan péré: ìṣòro náà, ohun tí a kò tíì mọ̀, ìdánwò tí Ìpele Kìíní máa ṣe pẹ̀lú iye tó máa fi hàn pé ó yege (fún àpẹẹrẹ, kó gbọ́ jíjò tó kéré tó lítà kan ní ìṣẹ́jú kan láti mítà 50), àti ẹni tó máa rà á. Ẹ béèrè bóyá ó bá ohun tí wọ́n ń fẹ́ mu, àti ẹ̀ka wo ló yẹ bí kò bá ṣe tiwọn. Wọn kò ní bá yín ka àbá yín. Bí ìdáhùn bá ní "ó lè bá ẹ̀ka mìíràn mu jù", "rárá" ni wọ́n ń sọ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ẹ kọ̀wé sí ẹ̀ka náà lọ́jọ́ kan náà.

Àwọn tó ń gbowó láti báni wá a

Fún wíwá nìkan, ẹ má sanwó. Gbogbo ohun tí a kà sílẹ̀ yìí jẹ́ ọ̀fẹ́, SBDC àti APEX Accelerators, àwọn ibùdó ìrànwọ́ fún okòwò kékeré tó wà káàkiri ìpínlẹ̀, sì ń gbani nímọ̀ràn láìgba kọ́bọ̀. Ẹni tó bá ní òun máa gba ìdá kan nínú owó tó bá wọlé, ẹ sá fún un: ẹ kò lè yọ ọ́ lára owó ìjọba. Ẹni tó yẹ kẹ́ ẹ sanwó fún, bí owó bá wà, ni àkáǹtáǹtì tó mọ ìṣirò owó ìjọba. NIH ń jẹ́ kí iléeṣẹ́ tí kò tíì bá wọn dúnàá-dúrà béèrè tó 40% lórí owó iṣẹ́ gan-an fún ìnáwó àyíká bí owó ilé àti iná, pẹ̀lú 7% èrè lórí rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ á kọ òdo síbẹ̀, á sì máa san iná ọ́fíìsì láti àpò ara rẹ̀ títí iṣẹ́ náà fi parí.